Ata Inú Ògiri Àká

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọge, ẹni tó bá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín ará Ìkirè àti ará Àpòmù, kò ní ju kó béèrè ẹni tó ni àká lọ. Ibi tí ìlú méjèèjì ti fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn ni àká náà wà. Ará Ìkirè ní ilẹ̀ àwọn ni. Ará Àpòmù ní àgbàdo àwọn ló kọ́kọ́ wọ inú ẹ̀. Ilé tí kò ní fèrèsé kan, tí ewúrẹ́ nìkan ń gbé, òun ni àwọn àgbàlagbà ń torí ẹ̀ ṣí fìlà sílẹ̀ tí wọ́n ń na ìka síra wọn lójú.

Èmi ò dá sí i ní tèmi. Ilé tó bá rẹwà ló yẹ kí èèyàn jà lé lórí, àká yẹn kò sì rẹwà. Orí òkúta ńláńlá ni wọ́n kọ́ ọ lé kí ọ̀rinrin àti ikán má baà dé inú. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, ó sì nípọn débi pé èèyàn lè na gbọnrangandan sórí ẹ̀ kó sùn. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní, pẹ̀lú àwọn ihò wẹ́wẹ́ lókè lábẹ́ páànù. Láyé àwọn bàbá wa, gbogbo àdúgbò ló ń kó àgbàdo síbẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, wọ́n á sì tì í pa títí di ìgbà ọ̀wọ́n. Nígbà tí kòkó di ọba, wọ́n kó kòkó sí i. Nígbà tí àwọn tó ń ra kòkó wá kọ́ ilé ìkẹ́rù tiwọn sí etí títì, wọ́n pa àká tì, ewúrẹ́ wọlé, kò sì san nǹkan kan. Ìdílé kan ní Ìkirè ló ń mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ fi ìdílé yẹn sọ́kàn, ọ̀rọ̀ wọn ń bọ̀ níwájú.

Ìjọ wa ló lé ewúrẹ́ jáde. Aládùúrà ni wá, aláṣọ funfun, oníṣẹ́ ọwọ́ ló pọ̀ jù nínú wa. Bíríkìlà ni bàbá mi, télọ̀ ni èmi. Inú pálọ̀ wòlíì wa la ti ń sìn tẹ́lẹ̀, títí ìyàwó wòlíì fi kéde pé bí òun bá tún bá ẹnì kan tó ń ríran nínú ilé ìdáná òun, omi gbígbóná lòun máa fi jí i. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wòlíì ríran pé kí a lọ gba àká.

Àwọn tó ni kọ́kọ́rọ́ yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa, a gbálẹ̀, a fẹ ilẹ̀kùn rẹ̀ sí i, a tẹ́ ẹní. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, orin tí a fi bẹ̀rẹ̀ lọ dáadáa. Nígbà tí ara wá yá, tí a bẹ̀rẹ̀ sí fò tí a ń fẹsẹ̀ kilẹ̀, ìyá kan níwájú bú sẹ́kún. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbà á. Kí á tó mọ̀, gbogbo ìjọ ló ń sunkún, imú ń ṣàn, à ń sín bí ẹni tí òtútù mú, ojú wa pọ́n bí epo. Wòlíì fúnra rẹ̀ ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó fọwọ́ mú ògiri, ó sì fi ọwọ́ yẹn kan náà nu ojú. Ariwo tó pa lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbọ́ ọ ní Àpòmù.

"Ó ti sọ̀kalẹ̀ o! Ẹ̀mí ti sọ̀kalẹ̀!"

A gbà bẹ́ẹ̀. Nínú pálọ̀ àtijọ́, ẹni tó bá sunkún, ebi ló ń pa á.

Òkìkí kàn. Èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí wá láti Wásinmi, wọ́n ń wá láti Orílẹ̀-Òwu, àwọn òṣìṣẹ́ omi ní Aṣéjìre náà ń wọkọ̀ wá sunkún kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Alápatà kan wà tí kò sunkún nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Kò tíì pẹ́ tó wọlé tó fi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń jẹ́wọ́ pé ẹran àná lòun ń tà fún wa bí ẹran òní. Ẹni tó bá sunkún jù là ń fi jẹ oyè nínú ìjọ. Ẹgbẹ́ akọrin wa kò kọ orin kan dópin rí, ẹsẹ kejì ni ohùn wọn máa ń há. Èmi ni mò ń rán aṣọ ìnujú fún gbogbo ìjọ. Mo jẹun níbẹ̀, kí n má purọ́.

Ohun kan wà tó yẹ kó fu wá lára. Ẹkún yẹn kì í wá lọ́jọ́ tí a bá jókòó jẹ́jẹ́ ka Bíbélì. Àfi tí a bá ń jó, tí a ń fò, tí eruku ń dà láti ara ògiri. Wòlíì ní Ẹ̀mí kò fẹ́ràn ọ̀lẹ, a sì ṣe Àmín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí tíṣà kan fi bẹ̀rẹ̀ sí gbé ṣòkòtò wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọ Áńgílíkà ni, ó jẹ́jẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Lákọ̀ọ́kọ́, ṣòkòtò tó bàjẹ́ ló ń gbé wá. Nígbà tó yá, kò sí èyí tó bàjẹ́ mọ́ nínú àpótí rẹ̀, ó wá ń fi abẹ ya èyí tó dáa. Ibi tí abẹ bá ya kì í rí jákujàku bí ibi tó ya fúnra rẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n. Mo bi í pé ṣé ṣòkòtò ló fẹ́ àbí èmi. Ó ní bí mo bá lè rán ìyẹn náà fún òun, inú òun á dùn.

Ìyá rẹ̀ ló kù. Opó ni Màmá, ìyá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, obìnrin gíga tí kì í yára rẹ́rìn-ín. Ìdílé ọkọ rẹ̀ ló ń mú kọ́kọ́rọ́ àká lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìwọ ni télọ̀ yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ìjọ wo lò ń lọ?"

Mo sọ fún un. Ó fi imú rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń sunkún nínú àká wa."

"Ẹ̀mí ni, Mà."

"Ata ni."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Màmá wá là á yé mi bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní á-bí-dí. Ó ní kí wọ́n tó kó àgbàdo wọ àká lọ́dọọdún, wọ́n á gún ata gbígbẹ, wọ́n á bu eérú sí i, wọ́n á pò ó mọ́ ẹrẹ̀, wọ́n á sì fi rẹ́ ògiri inú láti òkè délẹ̀ kí kòkòrò má baà wọ àgbàdo. Ìyàwó tuntun ni wọ́n máa ń gbé iṣẹ́ náà fún. Ọdún lórí ọdún, wọ́n ń rẹ́ tuntun lé àtijọ́.

"Ata tó wà lára ògiri yẹn," ni Màmá wí, "á se ọbẹ̀ fún Ìkirè àti Àpòmù, á sì tún ṣẹ́ kù fún àwọn oní-dòdò. Ẹ ń fò, ẹ ń jó, ẹ ń gbọn ata lu ara yín. Ẹ ní Ẹ̀mí ni."

Inú bí mi. Mo kúrò níbẹ̀, mo gba àká lọ tààrà, mo fi ẹnu àlùmọ́gàjí mi ha ògiri lẹ́yìn pẹpẹ, mo sì lá a. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ Ìkirè ni mí. Ìlú tí wọ́n ti ń fi ata sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídín ni wọ́n bí mi sí. Síbẹ̀ mo sáré jáde pẹ̀lú ahọ́n níta bí ajá, mo sì mu omi tí wọ́n gbé sílẹ̀ fún adìẹ ará ilé kejì.

Mo lọ bá wòlíì, mo rò fún un. Ó wá ní, "Ọlọ́run tó lo amọ̀ láti la ojú afọ́jú, ta ló sọ fún ọ pé kò lè lo ata?" Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ mi, mo ń rán aṣọ ìnujú lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Màmá ń dùn mí. Kì í ṣe ti ata. Ìyá tó bí mi kú nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi ló fi ọwọ́ sìmẹ́ǹtì dirun fún mi títí mo fi mọ irun dì. Ọkọ tí mo rí yìí tẹ́ mi lọ́rùn, àmọ́ mo fẹ́ ìyá pẹ̀lú rẹ̀. Mo fẹ́ kí obìnrin gíga tó le yìí fẹ́ràn mi, mo fẹ́ ẹ débi pé ó ń tì mí lójú. Òun kò sì pè mí lórúkọ, kò pè mí ní ìyàwó. "Télọ̀" ló ń pè mí, bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀wù rẹ̀ kó máa lọ.

Ilé Ọlọ́run tí ìyàwó ń lọ ni wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó. Àká nìyẹn. Màmá ní òun ò wọ ibẹ̀. Ó ní òun ti ṣe tòun tán nínú ilé yẹn kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, àlùfáà tiwọn náà bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó gbà, ó gbà bí ìjọba ṣe ń gbà, pẹ̀lú òfin.

"Mo máa wá. Mi ò ní fò, mi ò ní pàtẹ́wọ́, mi ò sì ní sunkún. Ata yín kò lè ṣe mí ní nǹkan kan, èmi àti ẹ̀ ti mọra tipẹ́."

Ọ̀rọ̀ yìí jáde, ó dé ọjà, ó dé gáréèjì. Ẹni tí a kò pè múra àtiwá. Àwọn kan ní Àpòmù ní bí omijé bá já lójú ìyá yẹn, àwọn á bọ́ bàtà dara pọ̀ mọ́ wa lọ́jọ́ yẹn gan-an. Wòlíì wọ ààwẹ̀. Èmi ń rán aṣọ ìyàwó mi lọ, ọkàn mi kò balẹ̀.

Bàbá mi kò ní nǹkan ńlá tó máa fún mi, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ní. Ó ní, "Màá rẹ́ inú àká fún ọ, kí eruku má baà kó bá aṣọ ẹ." Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó ló fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ògiri, ó dán an, ó fi ẹfun kùn ún. Ilé náà mọ́ tónítóní, ó tutù, ó ń tàn bí inú àwo tánganran. Mo dì mọ́ bàbá mi, torí aṣọ mi ni inú mi ṣe dùn. Ohun mìíràn kò wá sí mi lọ́kàn, kò sì wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn.

Ọjọ́ pé. Wọ́n ní kí Màmá bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bí àṣà wa. Ó wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n ní kó bọ́ eyín. Ó bọ́ ọ, ó gbé e há abíyá, ó wọlé lọ jókòó níwájú, ó gbé báàgì lé itan, ó fún ẹnu pọ̀. Orin bẹ̀rẹ̀. Kò tíì dé ibì kan tí àwọn ìjọ wa fi yọ aṣọ ìnujú, ni ẹkún bá gba ilé kan. Èèyàn tí ẹkún sísun ti di iṣẹ́ fún, kì í dúró de ohun tó ń fà á mọ́. Màmá yí ojú po gbogbo wọn, ó mí kanlẹ̀, ojú rẹ̀ gbẹ bí ẹja aborí.

Wòlíì ní kí n kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ mi kó súre fún mi. Mo kúnlẹ̀. Àwọn ará Àpòmù tó wà lẹ́nu ọ̀nà gun orí ara wọn kí wọ́n lè ríran. Màmá mú ọwọ́ mi méjèèjì, ó yí àtẹ́lẹwọ́ mi sókè, ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ pa á. Mo gbójú sókè, mo sì rí i pé omijé ti dà bo ojú Màmá, ó ń kán sórí báàgì, kò sì dáwọ́ dúró.

Ariwo sọ. Wòlíì fò sókè. Ẹni tó wà lórí èjìká ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà já bọ́. Èmi ò gbọ́ ariwo kankan. Mo ń wo ojú Màmá, mo ní nínú ara mi pé, ó gbà mí. Ó ti gbà mí.

Màmá fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó dìde, ó sì kígbe mọ́ gbogbo ilé pé, "Kí lẹ ń pariwo sí? Ata ni! Ṣebí mo ti sọ fún yín pé ata ni!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nítorí àwọn tó ń ya fọ́tò. Àmọ́ ó dùn mí dé egungun. Ohun tí mo rò pé mo rí gbà, ó gbà á padà lójú gbogbo ayé.

Ìyẹn wá di ìtàn apanilẹ́rìn-ín nínú ilé wa. Bí àlejò bá dé, ọkọ mi á sọ ti ìyá tó fẹ́ fi ojú gbígbẹ ṣẹ́gun ata, Màmá náà á jẹ́rìí sí i pé kò sí ohun tó burú bí ata àtijọ́. Mo bímọ, ó wẹ̀ wọ́n, ó pọ̀n wọ́n. Kò fìyà jẹ mí rí. Bí mo bá fẹ́ gún nǹkan tàbí lọ ata, á gbà á lọ́wọ́ mi, á ní mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo rò pé ẹ̀gàn ni. Télọ̀ náà ló ń pè mí.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹkún ń gbẹ díẹ̀díẹ̀. A fò títí, ọrùn ẹsẹ̀ yẹ mọ́ àwọn kan lára, omijé kò jáde. Alápatà ọjọ́sí tún bẹ̀rẹ̀ sí ta ẹran àná. Wòlíì kọ́kọ́ dá ẹ̀ṣẹ̀ wa lẹ́bi, ó wá ríran pé ògo ti ṣí kúrò níbẹ̀, ni wọ́n bá lọ kọ́ ilé tuntun sí ọ̀nà Wásinmi. Èmi rò pé ata náà ló gbó. Ọgbọ́n tí mo ní, ti aṣọ ni.

Nígbà tó fi máa di pé wọ́n sọ wá di ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àká ti tún ṣófo. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

"Télọ̀, mo ti bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀. Kó àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ lọ síbẹ̀. Mo rí i tí àwọn ewúrẹ́ ń yẹ ibẹ̀ wò."

Ibẹ̀ fẹ̀, ó tutù, àmọ́ ó ṣókùnkùn. Ihò abẹ́rẹ́ kò ṣeé rí. Ọmọ iṣẹ́ mi kan rán apá mọ́ ọrùn ẹ̀wù, oníbàárà wọ̀ ọ́, kò sì mọ ibi tó máa gbà jáde. Bàbá mi ní kò sí ohun tó lè tún un ṣe ju fèrèsé lọ. Ó ti hewú nígbà náà, ṣùgbọ́n ó gbé òòlù àti irin wá fúnra rẹ̀. Màmá náà wá wo iṣẹ́. Ó gbé àbíkẹ́yìn mi sí ẹsẹ̀, ó jókòó sábẹ́ igi ọsàn níta.

Bàbá mi lu ògiri, sìmẹ́ǹtì sán, èèpá ńlá kan ya lulẹ̀, amọ̀ pupa yọ. Ó tún lu amọ̀ náà. Ohun tó jáde níbẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ ọ́. Eruku pupa rú bo gbogbo ilé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí sín, wọ́n ń lu ara wọn bí wọ́n ṣe ń wá ilẹ̀kùn. Ìyá tí mò ń wọn ìbàdí rẹ̀ lọ́wọ́ gbé téèpù mi sá dé títì. Èmi náà rá jáde, omi ń dà lójú mi, omi ń dà nímú mi. Bàbá mi ló jáde kẹ́yìn, ó ń húkọ́, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ó ṣì wà níbẹ̀!" ló ń pariwo. "Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn! Látọjọ́ tí mo ti rẹ́ ẹ fún ìgbéyàwó ẹ, sìmẹ́ǹtì mi kò jẹ́ kí ìyẹ̀fun ata kan jáde!"

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mo tún rẹ́rìn-ín sí i. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Mo yíjú sí abẹ́ igi ọsàn. Màmá ti gbọ́. Ó ń wo ewé orí igi bí ẹni tó fẹ́ rà á.

Mo lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mà."

"Kí ni?"

"Ẹ ní ata ni."

Ó mi ẹsẹ̀ tí ọmọ wà.

"Èmi náà ti jẹ́ ìyàwó tuntun rí. Ọwọ́ lásán ni ìyá ọkọ mi ní kí n fi rẹ́ ògiri yẹn. Ọwọ́ mi ń jó bí iná, àárò ilé wa sì ń sọ mí. Mo sunkún títí ọjọ́ fi lọ. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló dé, wọ́n ṣáà mọ̀ pé ata ni." Ó gbé àbíkẹ́yìn mi lé èjìká. "Ìgbà tí o kúnlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo wo ọwọ́ ẹ. Mo ní, ọwọ́ yìí, kò sẹ́ni tó máa tì í bọ ata níṣojú mi."

Mo rántí odó tó ń gbà lọ́wọ́ mi. Mo rántí ọlọ.

"Télọ̀," ni Màmá wí, "fún mi láṣọ kí n nujú. Ata yín ti dé ibí."

Mo wo ewé ọsàn. Ẹ̀yìn wa ni atẹ́gùn ti ń fẹ́, ó ń gbé gbogbo eruku àká lọ sí ọ̀nà Àpòmù. Mo yọ aṣọ ìnujú, mo fi lé Màmá lọ́wọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà," mo ní. "Ata ni."